Bátìrì Tó Fẹ́ Gba Ìyàwó Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọ́n á fi gbé mi sin: Sọ́ńdè tí mo lọ fojú han bàbá Fúnmi ní Ọ̀kà. Mo fẹ́ fẹ́ Fúnmi, bàbá rẹ̀ sì ti sọ fún un pé, "Ní kó wá gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Ibẹ̀ ni màá ti mọ̀ bóyá ó ní làákàyè."

Ẹ gbọ́ bí làákàyè mi ṣe rí. Ní Ìkàrẹ́ tí mò ń gbé, iná kì í sábà sí, nítorí náà bátìrì ọ̀kadà mi ni mo fi ń tan gílóòbù, òun náà ni mo fi ń gbọ́ bọ́ọ̀lù nínú rédíò. Nígbà tí omi inú bátìrì náà fà, mo da omi inú ọ̀rá tí à ń mu sí i. Láti ìgbà náà ni sítátà ò ti dáhùn mọ́. Kíkì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ náà ti bọ́ sọnù, mi ò sì wá òmíràn. Kí ni mo fẹ́ fi kíkì ṣe ní Àkókó tí òkè pọ̀ sí? Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo máa ń gbé ọ̀kadà sí. Màá jẹ́ kó yí lọ, màá jù ú sí jíà, ó ti sítáàtì nìyẹn.

Àfi bí mo ṣe dé Ọ̀kà tí mo rí i pé ìsàlẹ̀ òkè pátápátá ni ilé bàbá wà, iwájú ilé sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo sì ti pa ẹ́ńjìnnì. Yéè!

Bàbá jáde nínú agbádá funfun gbòò, ó jókòó sẹ́yìn mi. Mo tẹ sítátà: kẹ́. Mo tún un tẹ̀: kẹ́. Mo bẹ bàbá kó sọ̀ kalẹ̀, mo yọ plọ́ọ̀gì, mo nù ún, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo dá a padà. Pàbó. Mi ò gbà. Mo ní lónìí yìí, ọ̀kadà yìí á sítáàtì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tì í díẹ̀."

"Èmi? Nínú aṣọ ìkórè?"

Ó tì í ṣá. Ọ̀kadà dún gbàù, ó sítáàtì, ó sì gbé mi sáré. Mi ò lè dúró, torí bí mo bá dúró, ó máa kú. Mo wá ń yípo níwájú ilé, mò ń pariwo, "Bàbá, ẹ fò gùn ún!" Èéfín ti bo agbádá funfun.

"Ọkùnrin tí ò lè dúró de èmi," bàbá ní, "ṣé ó máa dúró ti ọmọ mi?" Ó kọjú sí orí òkè tí ṣọ́ọ̀ṣì wà, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ.

Bí mo bá gun ọ̀kadà kọjá lára rẹ̀, Fúnmi ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mo pa ẹ́ńjìnnì náà fúnra mi, mo bọ́ sílẹ̀, mo ń ti ọ̀kadà gun òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. Òógùn bò mí, apá ń ro mí, mi ò sinmi. Bàbá kàn ń wò mí.

Nígbà tí a dé ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, níṣojú gbogbo ìjọ, ló bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo àna mi o! Ọ̀kadà ò gbé e wá, òun ló gbé ọ̀kadà wá!"

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ojú tì mí gan-an, àmọ́ "àna mi" ni etí mi gbọ́.

Mo ti gbọ́n o. Omi bátìrì gidi ni mò ń lò báyìí, ọ̀kadà nìkan ni bátìrì mi sì ń ṣiṣẹ́ fún. Fúnmi ìyàwó mi ní títí dòní, òun ò mọ ohun tí bàbá òun rí lára mi. Èmi náà ò mọ̀. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni.