Ọjọ́ Tí Kò-sírú-mi Jẹ Èédú

Bí ẹnu bá ń gbé èèyàn fò, Kò-sírú-mi ìbá ti kan ilẹ̀kùn ọ̀run. Ẹ ní orí ń fọ́ yín, tirẹ̀ ti fọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ẹ ní òjò pa yín, ó ní òjò tó pa òun lọ́dún kan, ẹja ló ń já bọ́ nínú rẹ̀! Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Kò-sírú-mi kò mọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ o. Gbogbo ara ló mú ọ̀ràn bá!

Ilé-iṣẹ́ omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, oògùn tí à ń lò kì í tán sínú wa o. À ń tọ̀ ọ́ jáde ni, a sì tún ń da àṣẹ́kù rẹ̀ sínú gọ́tà. Omi á gbé e lọ. Ojú kò ní rí i, ahọ́n kò ní mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ náà fi ra ẹ̀rọ kan tó ń fi èédú èèpo àgbọn sẹ́ omi. Kì í ṣe èédú tí à ń fi dáná o! Wọ́n á sun èèpo líle ara àgbọn títí á fi dúdú, wọ́n á wá fi ooru omi gbígbóná janjan gbá a lára títí ihò wínníwínní á fi kún inú rẹ̀ bí afárá oyin. Omi á kọjá, oògùn á há síbẹ̀.

Wọ́n ń wá ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá ẹ̀rọ náà. Àwọn méjì ló ń du ipò yìí: Kò-sírú-mi àti ọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pá-iná. Ọ̀gá àgbà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kí àwọn méjèèjì wá fi iṣẹ́ èédú náà han gbogbo òṣìṣẹ́ ní gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́.

Kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni, Kò-sírú-mi ti sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé òun ti jẹ ọ̀gá tán! Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyá náà dé tìlẹ́kẹ̀tìlẹ́kẹ̀, ó jókòó síwájú pátá.

Ara Kò-sírú-mi sì máa ń yún un. Hóró oògùn kan ló ń gbé mì láràárọ̀ kí ara tó lè rọ̀ ọ́. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni ìyàwó rẹ̀ ti nà án sí i lọ́jọ́ náà.

“Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ tètè lo oògùn yín.”

Ó gbé e mì, ó wọlé.

Ọ̀pá-iná ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ó po oògùn pupa kan mọ́ omi, ó dà á gba inú èédú kọjá. Omi jáde, ó mọ́ gaara! Àtẹ́wọ́ sọ.

“Ìyẹn náà ni?” Kò-sírú-mi yọ ṣùtì. “Omi lásán! Nínú ara mi gan-an ni màá ti fi hàn yín!”

Ó bu èédú lúbúlúbú kún ṣíbí, ó gbé e mì. Ó tún bu òmíràn. Ó tún bu sí i! Ẹnu rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Ẹ wò ó, kò ṣe mí ní nǹkan kan! Èédú yìí, ibikíbi tó bá ti bá oògùn, á kì í mọ́lẹ̀ ni! Kì í mojú ẹnikẹ́ni!”

“Ó dáa,” ni ọ̀gá àgbà wí. “Máa ṣàlàyé.”

Ó ń ṣàlàyé, ó ń ṣàlàyé, àfi bí ọrùn ṣe yún un wìnrìn. Ó họ ọ́. Apá gbà á. Itan gbà á lọ́wọ́ apá. Kò pẹ́, ó ti fẹ̀yìn ti òpó gbọ̀ngàn, ó ń fi ara ha á sókè sódò bí ewúrẹ́ tó rí ògiri.

“Ọkọ ọmọ mi,” ni ìyá ìyàwó rẹ̀ pè é, “ṣé eèrà wọ̀ yín láṣọ ni?”

“Rárá o, Ìyá wa! Bí omi ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ nínú ẹ̀rọ ni mò ń fi hàn wọ́n!”

Ẹnì kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn kígbe pé, “Omi yìí mà yára o!”

Ìgbà tó yá, Kò-sírú-mi bọ́ ẹ̀wù, níwájú àna! Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ Kò-sírú-mi kò tó ẹ̀yìn.

“Ọ̀pá-iná! Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ dákun, ẹ bá mi họ ọ́!”

“Níbo?”

“Òkè! Ìsàlẹ̀! Àárín! Àní gbogbo rẹ̀!”

Ìyàwó rẹ̀ fò dìde. “Hóró oògùn tí ẹ gbé mì lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́?”

Ọ̀gá àgbà yọ awò ojú rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni, o lo oògùn kí o tó wọlé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Kí lo wá jẹ lé e lórí?”

“È… èédú, mà.”

Gbọ̀ngàn hó gèè! Ìyá ìyàwó fi ìborùn bojú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Kò-sírú-mi. Ó fi eyín dúdú rẹ́rìn-ín, ó gbé àyà síwájú.

“Ṣé ẹ rí i, mà? Mo ti fi hàn yín pé èédú ń gbé oògùn mì! Ta ló tún lè fi ara rẹ̀ dán irú rẹ̀ wò? Mo yege, àbí mi ò yege?”

Ọ̀gá àgbà tí kì í rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín.

“Èédú yege,” ló wí. “Ọ̀pá-iná, wá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bá ọ̀gbẹ́ni yìí họ ẹ̀yìn rẹ̀ tán ná.”