Ohùn Aránṣọ Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Kẹtàdínlógún

Àná ni aránṣọ kan wọ́ àbúrò ẹ̀ dé ààfin nítorí géèmù. Bẹ́ẹ̀ ni, géèmù inú kọ̀ǹpútà. Ọmọ ìyá kan náà, àgbà tó ti tó ọkọ àti ìyàwó í ní! Ẹ ò rí nǹkan?

Inú ń bí aránṣọ débi pé téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ gbà mí. Ọmọ yìí ti sọ mí di àǹjọ̀nú."

"Báwo?"

"Ó ṣe géèmù adẹ́rùbani kan. Ọkùnrin kan há sínú ilé, nǹkan kan sì ń pè é lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohùn mi ni! 'Ṣílẹ̀kùn! Mo ní kí o ṣílẹ̀kùn!' Àràárọ̀ tí mo bá lọ jí i, ó ti fi fóònù sábẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń gba ohùn mi sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọge kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó, tó ti gbá géèmù náà, wá wọ aṣọ wò, ó ti ara ẹ̀ mọ́ yàrá. Mo ní, 'Ṣílẹ̀kùn.' Kábíyèsí, ojú fèrèsé ló gbà sá lọ, tòun ti píìnì lára! Kò sẹ́ni tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Kó yọ ohùn mi kúrò níbẹ̀."

Kábíyèsí wo àbúrò láti òkè délẹ̀. Irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n ẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò lè yọ ọ́. Mo ti dán òṣèré mẹ́ta wò, kò sí èyí tó dẹ́rù bani tó Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀bùn ni, Kábíyèsí!"

Aránṣọ bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan. Wọ́n tètè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ ni onígbàjámọ̀. Ó ní òun ti gbá géèmù náà dáadáa.

"Ìtàn ẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìrìn inú ẹ̀! Àǹjọ̀nú ń lé èèyàn, ó ń rìn bí ẹni tó gbé omi gbígbóná. Ìdí gbogbo ilẹ̀kùn ni lẹ́tà wà, lẹ́tà ọ̀hún sì gùn ju ìwé ìpínlẹ̀ ilẹ̀ lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ìkòkò. Ta ní ń fi kọ́kọ́rọ́ sínú ìkòkò? Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà mí."

"Ẹ̀rù ò ba ta ni?" Ìyàwó ẹ̀ ló dìde yẹn, nọ́ọ̀sì ni. "Ọ̀sán gangan, ó ní kí n sin òun lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀!"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

"Ẹsẹ̀ tó ń dunni ló ń gbọ̀n?"

Ààfin dàrú fún ẹ̀rín. Kábíyèsí bi nọ́ọ̀sì bóyá òun náà gbá a.

"Mo parí ẹ̀, Kábíyèsí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi gba ìsinmi nítorí ẹ̀."

Àbúrò fò dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ òpin ẹ̀!"

"Jókòó! Kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

"Ilẹ̀kùn kẹtàdínlógún ló gbẹ̀yìn. Kì í ṣe àǹjọ̀nú ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà ni. Ìyá wọn ń kú lọ ní yàrá kejì, ẹ̀gbọ́n ń pè é pé kó wá. Ọkùnrin náà kọ̀, kò ṣílẹ̀kùn. Ìgbà tó máa ṣí i, ìyá ti lọ. Wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máà bínú. Ẹ̀yin nìkan lẹ di ọwọ́ Màmá mú.' Mo sunkún, Kábíyèsí."

Aránṣọ rọra jókòó. Ọdún mẹ́rin rèé tí ìyá wọn ti kú, àbúrò ẹ̀ ò sì dárúkọ ọjọ́ yẹn rí. Ó ti gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé kò dun ọmọ náà ni. Ó dùn ún gan-an láti máa rò bẹ́ẹ̀.

"Èèyàn mélòó ló ti dé ilẹ̀kùn yẹn?" Kábíyèsí bi àbúrò.

"Nọ́ọ̀sì nìkan."

"Ìwọ tó ṣe é ńkọ́?"

"Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mi ò kọjá ìkọkànlá. Fìtílà inú géèmù náà máa ń kú, ẹ̀rù á sì bà mí."

"Olódo! Ilé kan náà lẹ̀ ń gbé. Ẹ̀bẹ̀ tí ò ju gbólóhùn méjì lọ, o fi ilẹ̀kùn mẹ́tàdínlógún dí i, o wá gbé e fún onígbàjámọ̀ kó bá ọ ṣí i!" Kábíyèsí fi ọ̀pá kanlẹ̀. "Ìdájọ́ rèé. Ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ ò kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ni wàá máa dúró sí. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, sọ òpin ìtàn náà fún un, kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Àbúrò ká ọwọ́ lérí. "Kábíyèsí, tí wọ́n bá ti mọ òpin ẹ̀, ta ló máa gbá géèmù mi?"

"Ìyẹn kàn ọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni wàá kọ́kọ́ sọ fún, báyìí báyìí, ẹnu ẹ ni kó ti jáde. Tó o bá fa lẹ́tà yọ, a ó lù ọ́."

Àbúrò yíjú sí aránṣọ. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó tún yára yọ ọ́. Àwọn ìjòyè ń pòṣé.

"Ẹ máà bínú, Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí níkẹyìn. "Ẹ̀rù ló bà mí lọ́jọ́ yẹn."

Aránṣọ fi téèpù nu ojú.

"Ẹ̀rù ba èmi náà," ló sọ. "Ìdí tí mo fi ń pè ọ́ nìyẹn."