Bí Mo Ṣe Fi Ẹ̀pà àti Ṣúgà Ṣàlàyé Amẹ́ríkà fún Ẹbí Wa

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé láéláé: ọjọ́ Sátidé tí ìmọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ àbúrò mi.

Táìsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ ilé ni mò ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, n kò sì dé Amẹ́ríkà rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí nípa ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun níbẹ̀, ẹ ó jókòó pẹ́. Ìwé àlòkù àti fídíò orí fóònù ni mo fi kọ́ ara mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó wà ní Ìjagun tó ń wá bá mi jiyàn ní ṣọ́ọ̀bù ló sọ mí ní Pùròfẹ́sọ̀, mo sì gbà á lóyè.

Kúdírá àbúrò mi, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, wá sílé láti sọ fún wa pé ọmọ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Mákọ́ọ̀sì lòun fẹ́ fẹ́. Àlàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ní kí n ṣèwádìí ìdílé ọkọ, bí a ti máa ń ṣe. Ta tún ni wọn ì bá rán? Nígbà tí a pé jọ sí pálọ̀ Àlàájì, Kúdírá gbé fóònù rẹ̀ ti ike omi lórí tábìlì, Mákọ́ọ̀sì àti ìyá rẹ̀ sì ń wò wá láti ọ̀hún. Kúdírá rọra sọ sí mi létí pé, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gùn."

Àlàájì bèèrè pé, "Ọmọ ìlú wo ni?"

Mo ṣàlàyé pé kò sí ìlú tí a lè tọ́ka sí, torí wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú, wọ́n sì pa orúkọ wọn rẹ́.

Àlàájì mirí. "Ó lè jẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa níbí ni wọ́n ti kó wọn."

Ó yẹ kí n jókòó níbẹ̀. N kò jókòó.

Mo fa tíréè tíì mọ́ra. Mo to ẹ̀pà sápá kan, mo to ṣúgà oníhóró sápá kejì. Mo ní ẹ̀pà ni àdúgbò aláwọ̀ dúdú, ṣúgà ni ti funfun. Mo ṣàlàyé bí àwọn báńkì ṣe fi ìlà pupa yí àdúgbò ẹ̀pà ká lórí máàpù, tí wọn ò yá wọn lówó ilé. Mo ṣàlàyé bó ṣe jẹ́ pé owó orí ilé ni wọ́n fi ń tọ́jú ilé ìwé, tí ilé ìwé fi ń tòṣì níbi tí ilé ò ti níye lórí. Àǹtí Sìkírá, àbúrò bàbá wa, nawọ́ sí tíréè, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

"Àǹtí, àdúgbò aláwọ̀ dúdú lẹ ń jẹ yẹn o!"

Wọ́n da ìyókù padà. "Ṣé ọkọ rẹ̀ ò ní nílé láyé nìyẹn?"

Dípò kí n dáhùn, mo bọ́ sórí ọlọ́pàá tó ń dá wọn dúró lójú ọ̀nà. Láti ibẹ̀ mo dé ilé ìwòsàn: mo ní ewu ìbímọ tó dojú kọ obìnrin dúdú níbẹ̀ ju ti funfun lọ, kódà kó kàwé yanjú.

Àǹtí figbe ta. "Kúdírá! Ṣé o ò rí òyìnbó ibẹ̀ fẹ́ ni?"

"Àǹtí, èmi gan-an, aláwọ̀ dúdú ni mí níbẹ̀!"

"Ìyẹn la ṣe ní kó o wá ọ̀dọ̀ ṣúgà lọ!"

Ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni mo dìde láti bá jà, ẹbí mi ló wá ń lé aláwọ̀ dúdú yìí. Mo tún yára ṣàlàyé. Ó burú sí i. Àlàájì ní, "N ò lè fọwọ́ sí i." Kúdírá bú sẹ́kún.

Ìyá Mákọ́ọ̀sì bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kúdírá túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún un pẹ̀lú omijé. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá fèsì, Kúdírá sì ń túmọ̀ fún wa: "Kò parọ́. Báńkì ò yá bàbá mi lówó lóòótọ́. Bíríkìlà ni bàbá mi. Àwọn àti àwọn àbúrò wọn ló fọwọ́ ara wọn kọ́ ilé tí mo jókòó sí yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn, ìgbà wo ló bi wá léèrè ohunkóhun?"

Ó gbé fóònù rẹ̀ yí ògiri ilé náà ká. Ní tiwa, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Àlàájì sún mọ́ fóònù. "Kí lorúkọ bàbá yín? Ta ló bí wọn?" Kúdírá ń túmọ̀, obìnrin náà ń dáhùn, títí dórí ìyá ìyá rẹ̀ tó máa ń ránṣọ. Níkẹyìn Àlàájì ní, "Ọmọ onílé ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra." Àlàájì wá kọjú sí mi: "Pùròfẹ́sọ̀, ọ̀dọ̀ ta lo ti ṣèwádìí tìẹ?"

N kò kábàámọ̀ ohun tí mo kọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo mọ̀. N kò mọ Mákọ́ọ̀sì, ó sì wà lórí fóònù níwájú mi. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Kúdírá ní òun ò fẹ́ rí maikirofóònù lọ́wọ́ mi. Omi ni wọ́n ní kí n máa pín. Mo pín in, mo sì ń fi ara mi rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń bi àlejò kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé èyí tó tutù lẹ fẹ́ ni, àbí èyí tí kò tutù?" kí n tó gbé e fún wọn.