Alága Tó Wọ Àga Bí Ẹ̀wù

Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dìde fún orin orílẹ̀-èdè, Ọ̀gá Cornelius dìde, àga tó jókòó lé náà sì bá a dìde.

Kò kọ́kọ́ fura. Ó rò pé agbádá òun ló há sábẹ́ nǹkan. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ba ike. Ó ti àga náà sísàlẹ̀, àga ò lọ. Ó tún fi gbogbo agbára tì í, ohun tó gbọ́ ni "kíìn", bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ológbò nírù.

Ó ti há.

Ibi tó há sí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Gbọ̀ngàn ìlú Ayétòrò ni, èrò kún un bámúbámú. Àwọn olùwádìí láti yunifásítì ló kó wọn jọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì wá bá ìlú sọ ni ọ̀rọ̀ sísanra jù: ohun tó ń fà á, ohun tó ń dá sílẹ̀ lára, àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gá Cornelius sì ni alága ètò.

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni Ọ̀gá Cornelius. Kò sí ẹni tí kì í bẹ̀rù rẹ̀ ní Ayétòrò, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdajì ìlú ló ti nà lẹ́gba rí. Ó ga, ó sì fẹ̀. Bó bá gun ọ̀kadà, ẹni tó wà lẹ́yìn kì í rí ọlọ́kadà, á rò pé ọ̀kadà náà ń wa ara rẹ̀ lọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò kí ẹ sọ fún un pé ó sanra. Nígbà tí àwọn olùwádìí yìí kọ́kọ́ wọ ìlú, tí wọ́n ń gbé àwọn èèyàn sórí ìwọ̀n, tí wọ́n ń ta okùn mọ́ wọn nídìí, tọmọdé tàgbà ló lọ. Òun nìkan ló jókòó sílé.

"Èmi ò sanra," ló sọ fún Dinah, ìyàwó rẹ̀. "Egungun mi ló tóbi."

"Bàbá Jemima, ṣé egungun náà ló ń yọrí lókè ṣòkòtò yín yẹn?"

Ó fa bùbá rẹ̀ bò ó.

Dókítà Ọlámipọ̀, olórí àwọn olùwádìí, ló fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ nílé pé kó wá ṣe alága. Ọmọ Ayétòrò ni dókítà yìí, Ọ̀gá Cornelius ló sì kọ́ ọ ní ìwé ní kékeré. Ó kúnlẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì, ó ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá ti jókòó síbẹ̀, ìlú á wá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọ̀gá lára ṣinṣin. Ó ti gbà kí ọmọ náà tó dìde nílẹ̀.

Nígbà tí dókítà lọ tán, Dinah wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìpàdé sísanra ni ẹ fẹ́ lọ ṣe alága rẹ̀?"

"Ẹni tó ní àpọ́nlé ni wọ́n ń wá, Màmá Jemima."

Lọ́jọ́ ìpàdé, Ọ̀gá jẹ iyán yó dáadáa kó tó jáde nílé, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i tó ń jẹun níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ sísanra. Ó gbé agbádá funfun ńlá wọ̀, ó dé fìlà. Wọ́n ti tọ́jú àga onítìmùtìmù kan dè é lórí pèpéle, ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi débẹ̀, Alhaji Abdulrasaq, olórí àwọn tó ń ta gààrí ní Ọjà-Ọ̀dàn, ti rì sínú rẹ̀, ó tilẹ̀ ti bọ́ bàtà. Ta ló fẹ́ gbé Alhaji dìde? Àga oníke funfun, irú èyí tó ní apá lọ́tùn-ún lósì, ló kù. Ọ̀gá gbọn agbádá sókè, aṣọ náà bo àga pátápátá, ó sì jókòó.

Gbì.

Apá àga méjèèjì kọ́kọ́ là sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wá padà dì í mú ní ìbàdí, bí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Ó rò pé ìtura ni.

Bó ṣe há nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká padà sí ibi orin orílẹ̀-èdè.

Kò lè nàró. Àga ti mú un débi pé ó ní láti tẹ̀ síwájú, kí ìdí wà lẹ́yìn, kí ojú wà nílẹ̀, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ já bọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ agbádá tó bo gbogbo rẹ̀ délẹ̀. Gbọ́lá, olóòtú ètò, tó di gbohùngbohùn mú, wò ó títí, orí rẹ̀ wú.

"Ẹ wo alága wa," ó ní. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹríba fún orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin tí ẹ dúró ṣánṣán bí òpó iná ńkọ́?"

Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá tẹríba. Wọ́n kọ orin náà tán pẹ̀lú ìdí lókè. Alhaji Abdulrasaq bẹ̀rẹ̀ ju bí ara rẹ̀ ti gbé e lọ, ó ní láti di tábìlì mú kó má baà dojú dé.

Wọ́n ní kí wọ́n jókòó. Ọ̀gá jókòó. Kò tilẹ̀ nílò láti wẹ̀yìn, ibi tó bá ti dé ni àga wà.

"Kí alága bọ́ síwájú, kí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀," ni Gbọ́lá wí.

"Níbi tí mo wà náà ni màá ti sọ ọ́," ni Ọ̀gá dáhùn. "Orúnkún ni."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún orúnkún rẹ̀.

Dókítà Ọlámipọ̀ wá bọ́ síwájú. Ó ṣàlàyé fún wọn pé sísanra jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹkì nìkan. Ó ní àwọn kan wà tí ó bá wọn láti inú ìdílé, àwọn kan wà tí àìróorunsùn fà á fún, àwọn kan wà tó jẹ́ pé oògùn tí wọ́n ń lò ló ń fẹ ara wọn. Ó ní ó lè di ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè di ìtọ̀ ṣúgà, ó ń ba orúnkún jẹ́, ó ń mú kéèyàn hanrun kí ojú fèrèsé máa gbọ̀n. Dinah, tó jókòó láàárín èrò, mi orí títí níbi ìhanrun yẹn.

"Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a rí ní agbègbè yìí," ni dókítà wí, "ni jíjókòó. Àwọn bàbá wa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Àwa ń gun ọ̀kadà lọ ra ìṣáná. Àwọn kan wà ní Ayétòrò níbí tó jẹ́ pé àga ti lẹ̀ mọ́ wọn nídìí."

Ọ̀gá Cornelius fa agbádá bo àga sí i. Ta ló sọ fún un?

"Wọ́n mọ ara wọn," ni dókítà fẹ̀rín sọ. "Mi ò ní dárúkọ."

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ń rò ó lọ́kàn pé bí òun bá yọ́ rìn bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀, bí òun bá ti lè dé ìdí ọgbà ọgẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, òun á gbọn ìdí títí àga yìí á fi bọ́. Ó ti ń sún díẹ̀díẹ̀, kíìn, kíìn, nígbà tí wọ́n gbé ìwọ̀n jáde.

"Ta ni yóò kọ́kọ́ gùn ún?" ni dókítà bèèrè. "Ẹni tí a bá wọ̀n lónìí, a ó máa tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, a ó sì máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó mira. Èyí ò wo ojú èyí. Ọ̀rọ̀ kí wọ́n wọn èèyàn ní kọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí kí wọ́n kà á jáde lójú gbogbo ìlú.

Ni Azeezat onídìrí bá pariwo láti ẹ̀yìn. "Kí alága kọ́kọ́ gùn ún ká rí i."

"Alága, alága, alága," ni gbogbo ilé gbà.

Ọ̀gá wo dókítà. Ojú ọmọ náà ti rẹ̀wẹ̀sì. Ó rí bó ṣe máa ń rí nígbà tó bá gbàgbé ewì níwájú kíláàsì, tí omijé á ti dúró létí ojú. Bí alága bá kọ̀, kò sẹ́ni tó máa gùn ún mọ́, iṣẹ́ tí ọmọ yìí tìtorí ẹ̀ kúrò nílùú wá dòfo nìyẹn. Inú Ọ̀gá ò gbà á.

Ó dìde. Àga dìde.

Ó rìn, kó, kó, kó. Ẹsẹ̀ àga ń gbá a ní iṣan lẹ́yìn. Ó gun orí ìwọ̀n pẹ̀lú ojú nílẹ̀, agbádá rẹ̀ ta jáde lẹ́yìn bí àgọ́.

"Kílò mẹ́rìndínlógóje," ni Gbọ́lá kà sínú gbohùngbohùn.

Gbọ̀ngàn ṣe "hàà".

Dókítà fa okùn ìwọ̀n yọ láti wọn ìbàdí rẹ̀. Okùn ò ká a. Ó tún un ta, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan líle lábẹ́ aṣọ. Ó kàn án, kó kó. Ó tún un kàn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá, kí nìyí?"

"Egungun ni."

Dókítà ki ọwọ́ sábẹ́ agbádá, ó rọra fọwọ́ tọ́ ọ. "Egungun yìí ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lára, sà."

Wọn ò rántí pé Gbọ́lá ṣì na gbohùngbohùn sí wọn lẹ́nu.

Dinah ti dìde láàárín èrò. Ó gun orí pèpéle, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó gba ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ lọ, ó sì ká agbádá náà sókè bí ẹni ká aṣọ fèrèsé.

Àga oníke funfun. Ẹsẹ̀ mẹ́rin.

Alhaji Abdulrasaq tẹ̀ síwájú, ó wò ó fínnífínní.

"A mọ̀ pé alága ló ni àga," ó ní. "A ò mọ̀ pé wíwọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́."

Gbọ̀ngàn fọ́ yángá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Ọkùnrin kan ń bẹ ẹni tó jókòó tì í pé kó bá òun fi ọwọ́ gbá òun lẹ́yìn. Kódà dókítà dojú kọ ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó yíjú padà, ó ní, "Àga ló kéré, sà. Ẹ̀yin kọ́." Ọ̀gá mọ̀ pé àánú òun ló ṣe é, ó sì dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Ó wá ku bí wọ́n á ṣe yọ ọ́.

Azeezat gbé ike fasilíìnì ńlá tó fi ń ṣe irun jáde nínú báàgì, wọ́n kun Ọ̀gá lọ́tùn-ún lósì. Gbọ́lá àti Alhaji di àga mú. Dinah di ọkọ rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Bàbá Jemima, ẹ fa ikùn sínú."

"Mo ti fà á sínú."

"Èwo ló wá wà níta yìí?"

Dinah rí i pé okùn ṣòkòtò ló fún un pa mọ́ àga. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ bùbá, ó tú u.

"Ó yá, ẹ fà."

Wọ́n fà á. Àga ké. Ọ̀gá ké. Wọ́n tún fà á.

Fọ̀ọ́!

Ọ̀gá fò síwájú bí ẹja tó yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó gbá Dinah mọ́ra, àwọn méjèèjì lọ bá tábìlì. Gbọ́lá àti Alhaji balẹ̀ lẹ́yìn lọ́hùn-ún pẹ̀lú àga láyà wọn. Ṣòkòtò Ọ̀gá wà nínú àga, ó jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń retí kí ìpàdé máa lọ.

Bùbá gùn, agbádá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ọ̀gá tún fìlà dé, ó gbọn agbádá sí èjìká, ó wo gbogbo wọn, ó sì padà gun orí ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Ó kà á fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó já gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ Gbọ́lá.

"Mẹ́tàléláàádóje," ó ní. "Ẹ̀yin ará Ayétòrò, mo ti fi kílò mẹ́ta sílẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọlé."

"Ọ̀gá, ìwọ̀n àga nìyẹn," ni dókítà wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ọ̀gá ni gbohùngbohùn wà.

Ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá, tí wọn ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa, bẹ̀rẹ̀ sí tò. Kí dókítà tó tún lanu, ìlà ti jáde sí títì. Gbogbo wọn ni wọ́n gun ìwọ̀n, gbogbo wọn ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Wọ́n yẹ ti Ọ̀gá náà wò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Dókítà fún un ní oògùn, ó sì ní kó máa rìn. Láti ìgbà náà ni òun àti Dinah ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ojú ọ̀nà Ẹ̀gùá láràárọ̀, Ọ̀gá a máa ráhùn lálọ, Dinah a máa ráhùn lábọ̀.

Ìròyìn ni kò gba ìsinmi. Ó dé Ọjà-Ọ̀dàn lọ́jọ́ ọjà, ó dé Ìpókíá, ó kọjá àwọn aṣọ́bodè láìsí ìwé ìrìnnà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kadà gbé obìnrin kan tó lára dáadáa dúró sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá. Láti Pobẹ̀ ló ti wá, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Bọ̀nzúù, Màmá," ó kí Dinah lédè Faransé. "Ṣé ibí ni wọ́n ti ń fi àga fa ọ̀rá?"

Dinah ní, "Àga wo?"

"Èyí tó fa ti Bàbá. Ẹ má dá mi lóhùn pé kò sí o, mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Ó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó tú u, ó sì fa ṣòkòtò ọkùnrin kan jáde, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a dáadáa. "Ti ọkọ mi ni mo yá. Wọ́n ní bí ṣòkòtò ò bá bọ́, kì í jẹ́."