Afárá Inú Fóònù

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Odò-Àlàdé, lọ́mọdé lágbà, ẹ gbọ́! Ẹni tó wà nínú ilé, kó bọ́ síta! Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó dojú ẹ̀ délẹ̀! Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Olóyè Adéròpò Akínlàjà, ẹni tó ń du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀, ló ní kí akéde kí yín. Ó ní ìbò dọ̀la o! Ìbò dọ̀la!

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Olóyè ti du ipò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì fìdí rẹmi. Àwọn àgbà dìbò fún un, àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Odò, lódìkejì odò lọ́hùn-ún, ni kò dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun á bá ọmọdé níbi tọ́mọdé wà. Ó gba àwọn oníṣẹ́ fídíò láti ìlú ńlá. Wọ́n wọ ṣòkòtò jíǹsì tó ya lórúnkún fún un, wọ́n dojú fìlà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, wọ́n ní kó jó. Olóyè jó! Bàbá arúgbó jó o! Orúnkún ń dùn ún, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ijó, ó nawọ́ sí odò tí àgbàrá ti gbé afárá wa lọ lójò èṣí, afárá tuntun sì yọ! Afárá oníná! Afárá aláràmọ̀ǹdà! Ẹ má lọ sétí odò lọ wò ó o. Inú fóònù ló wà.

Àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Odò wò ó títí. Wọ́n tẹ ọkàn pupa sí i, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn l'Ékòó àti àbúrò wọn ní Kánádà. Bí Olóyè bá ti jí, kó tó kí ìyàwó ẹ̀, ọkàn pupa ló ń wò. Ó ní òun ti wọlé. Ìyàwó rẹ̀ rán an létí pé ẹ̀gbẹ́ odò níhìn-ín ni wọ́n ti ń dìbò, odò sì kún. Olóyè ní obìnrin ò mọ nǹkan ayélujára. Ló bá pàṣẹ o! Ó pàṣẹ!

Àṣẹ kìíní! Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí ijó Olóyè, ìbò rẹ̀ ti di ti Olóyè. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín tí kò dìbò, wọ́n á mú un jókòó, á wo gbogbo ọ̀rọ̀ ìpolongo Olóyè látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò gbọdọ̀ fo ibì kankan!

Àṣẹ kejì! Ijó ni kí ẹ máa sọ lábẹ́ fídíò. Ijó! Ẹni tó bá béèrè afárá níbẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú Wáàsáàpù àwọn ọ̀dọ́, wọ́n á jù ú sínú ti àwọn ìyá àgbà, níbi tí àdúrà òwúrọ̀ ti ń wọlé títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Àṣẹ kẹta! Kí gbogbo ọ̀dọ́ Òkè-Odò sọdá wá dìbò láàárọ̀ ọ̀la. Kí wọ́n gba orí afárá. Afárá wo? Akéde béèrè. Olóyè ní kí akéde máa lu agogo lọ.

Ẹ dákẹ́ ná o! Ẹ dákẹ́! Akéde ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi pè é padà. Àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Odò ti fi fídíò tiwọn ránṣẹ́. Wọ́n tò sétí odò lọ́hùn-ún, káàdì ìdìbò lọ́wọ́ kálukú. Wọ́n gbé fóònù kan sórí àpótí, àwòrán Olóyè wà lójú ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ti ìka bọ epo pupa, ó ń tẹ̀ ẹ́ sójú Olóyè. Ọmọbìnrin wọn kan, Mọ́rounkọ́lá, kúnlẹ̀, ó kí bàbá. Ó ní gbogbo àwọn ti dìbò fún bàbá lórí fóònù. Ó ní kí bàbá máa bọ̀ wá kó ìbò àwọn, kí bàbá ṣáà gba orí afárá tí bàbá fi ránṣẹ́.

Olóyè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó tún un wò. Ojú wá tì í. Kò sẹ́ni tó bú u, ojú ṣáà tì í, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Kò rántí sọ pé kí akéde gbé àwọn àṣẹ àkọ́kọ́ mì, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́ wọn.

Àṣẹ ìkẹyìn! Ẹni tó bá ní pákó, ẹni tó bá ní ìṣó, ẹni tó bá ní okùn tàbí apá lásán, kó jọ̀ọ́, kó máa bọ̀ létí odò báyìí. Olóyè ti wà níbẹ̀. Ó ti ká ṣòkòtò, ó wà nínú omi, ó ń ru òpó. Kò sí ìjìyà! Kò sí ìtanràn! Ẹ̀bẹ̀ ni o, ẹ̀bẹ̀ ni! Ohun kan ṣoṣo ló fi kún un: kí ẹnikẹ́ni má yà á ní fídíò.

Akéde ti jẹ́ṣẹ́. Akéde ò bù kún un, akéde ò bù kúrò. Etí tó gbọ́, kó sọ fún èyí tí kò gbọ́. Akéde ń lọ tú ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ wá ṣe pákó afárá o!