Ìbọ̀wọ́ Qowiyyu àti Máòsì Ìyàwó Rẹ̀

Ẹjọ́ kan dé iwájú Baálẹ̀ wa ní Òjòwò lánàá, tí àwọn ìjòyè kò fi ráyè jẹun ọ̀sán. Kúbúrá ló pe ọkọ rẹ̀, Qowiyyu, lẹ́jọ́. Àwòrán àga àti tábìlì làwọn méjèèjì máa ń yà sórí kọ̀ǹpútà fún káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwòrán ọ̀hún ṣeé yí po, kí èèyàn rí ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀.

Kúbúrá ní máòsì lòun fi ń yí i tẹ́lẹ̀. Àfi bí ọkọ òun ṣe ti Èkó dé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ oníwáyà kan, tó ní bí òun bá ti ń ju ọwọ́ lófuurufú, àga á máa yí tẹ̀lé e. Ó sọ máòsì sórí ààtàn. Nígbà tí Ìyá Ọmọ́títí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wá wo àga tó fẹ́ ṣe, Qowiyyu ju ọwọ́, ó gbá gèlè orí ìyá bọ́ sílẹ̀. Ìyá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè.

Qowiyyu ní gèlè ló wá pàdé ọwọ́ òun.

Fàsásì káfíńtà jẹ́rìí pé ìbọ̀wọ́ náà dára, òun ò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n bi í léèrè àga tó ti inú rẹ̀ jáde. Ó ní ẹsẹ̀ kan gba àárín ìjókòó yọ sókè.

"O sì kàn án bẹ́ẹ̀?"

"Mo rò pé ọ̀làjú ni, Baba."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá, kí tọkọtaya gbé àga tó dojú dé nínú rẹ̀ dìde. Kúbúrá fi máòsì tó lọ yá ṣe é kí Baálẹ̀ tó sín tán. Nígbà tó kan Qowiyyu, àga ń pòyì bíi fáànù, abíyá ọkùnrin náà tutù, ló bá ní èjìká ń ro òun.

"Èwo ló ṣeé lò nínú méjèèjì?"

"Ìbọ̀wọ́ ni, Baba. Apá mi ni kò tíì gbọ́n."

Baálẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní Kúbúrá ló ni ṣọ́ọ̀bù láti òní lọ. Kí Qowiyyu máa wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ sí oríta ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kó máa darí ọ̀kadà.

"Bó bá ju ọwọ́ níbẹ̀, nǹkan á yí. Bí kò bá yí, á gbá a."