Òkìtì Karahun Ṣìfáwù

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ẹni bá ń fi karahun yangàn, kó fi ẹran hàn wá"? Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ Ṣìfáwù ni.

Ní etí ọ̀sà níhà Ẹ̀pẹ́, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń yọ ìṣáwùrú lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n á sè é láàárọ̀, àwọn obìnrin á jókòó yí ká, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ fa ẹran inú rẹ̀ jáde. Inú ọpọ́n ńlá kan ni gbogbo wọn ń ju ẹran sí. Karahun tó bá wà níwájú oníkálukú ni Ọ̀gá Kàsúmù, alábòójútó wọn, fi ń mọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí òkìtì tirẹ̀ bá kéré jù lọ́jọ́ Jímọ̀, ilé yá nìyẹn, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.

Ọwọ́ Ṣìfáwù kò yá. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, abẹ́rẹ́ a máa dúró lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, bí ẹni pé ẹnìkan pè é. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí náà ló ń mú un jáde kúrò nínú yàrá. Kò fẹ́ padà síbẹ̀.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, tó rí i pé òkìtì òun ló kéré jù, ó ní òun ń lọ tọ̀. Ẹ̀yìn ilé ni karahun ọdún tó kọjá wà. Ó bu ú kún ìró, ó wọlé. Ó tún jáde, ó tún wọlé.

Jàrínátù tó jókòó tì í ní, "Ìtọ̀ ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún rèé! Ṣé ọ̀sà lo gbé mì ni?"

Nígbà tí Ọ̀gá Kàsúmù fi máa dé, òkìtì Ṣìfáwù ti kan orúnkún rẹ̀. "Ẹ wo obìnrin!" Ó sáré lọ pe Màdáámù tó ni ilé iṣẹ́ kó wá wò ó.

Màdáámù wo òkìtì, ó wo ọpọ́n. "Kàsúmù, karahun ọpọ́n mẹ́ta rèé. Ẹran ọpọ́n kan ni mo rí. Ta ló jẹ ìyókù?"

Màdáámù wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó dáa. Gbogbo yín, ẹ máa lọ sílé."

Jàrínátù bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn ni Ṣìfáwù kò lè fara dà.

"Èmi ni mo jẹ ẹ́, mà."

"Ọpọ́n méjì?"

"Ebi ló ń pa mí, mà."

Màdáámù bẹ̀rẹ̀, ó mú karahun kan lórí òkìtì. Tẹ̀tẹ̀ ti hù nínú rẹ̀, ewé mẹ́rin, ó ń jù lẹ́lẹ́.

"Ìṣáwùrú tí a sè láàárọ̀ ló hu ewé yìí?"

"Ilẹ̀ ibí lọ́ràá, mà."

Jàrínátù nu omijé. "Màdáámù, gbogbo ìtọ̀ tó ń lọ tọ̀ látàárọ̀, ó ní láti jẹ́ pé òun ló fi ń bomi rin ewé yẹn!"

Màdáámù rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ṣìfáwù, ẹni bá ń fi karahun yangàn, kó fi ẹran hàn wá. Ìwọ lo kó o wọlé, ìwọ ni wàá máa kó o jáde. Ẹ̀yin tó kù, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́."

Bó ṣe di akókarahun gbogbo ilé nìyẹn, títí òjò fi dé. Iṣẹ́ náà sì bá a lára mu: apẹ̀rẹ̀ karahun kì í bínú sí ẹni tó bá dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀gá Kàsúmù ló jìyà rẹ̀. Bó bá ti la ẹnu pé òun mọ òṣìṣẹ́ gidi lójú, gbogbo ilé á dáhùn pé, "Ẹran dà, Ọ̀gá?"

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá kó òkìtì ka iwájú yín, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá tẹ̀tẹ̀ ti hù níbẹ̀. Ẹni bá ń fi karahun yangàn, kó fi ẹran hàn wá.